Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kọ́ńpáàsì ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, àbí GPS?

Atukọ̀ Southampton
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ìgbòkun wa ní Southampton ní kí n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan bí a ṣe ń mọ ọ̀nà lójú omi. Kò sí èyí tó tíì tukọ̀ rí nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní fóònù tó ń fi ibi tí wọ́n wà hàn. Ṣé kọ́ńpáàsì àti máàpù bébà ni kí n kọ́kọ́ gbé fún wọn, àbí ẹ̀rọ tí ọwọ́ wọn ti mọ́? Sextant, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí oòrùn tàbí ìràwọ̀ ṣe ga tó láti mọ ibi tí a wà, ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Bọ̀ọ̀dá, máàpù bébà ni. Ẹ fún ọmọ ní kọ́ńpáàsì ọwọ́, kó fi wo ohun mẹ́ta tó wà létí omi tó sì wà nínú máàpù, kó fa ìlà mẹ́ta sórí máàpù; ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni ọkọ̀ wà. Àwọn ìlà yẹn kì í sábà pàdé lójú kan, onígun mẹ́ta ni wọ́n ń di. Bó bá ti fẹ̀ jù, ọmọ á mọ̀ fúnra rẹ̀ pé òun ka ọ̀kan ṣì. GPS kò ní kọ́ ọ nírú ẹ̀, àmì kan ṣoṣo ló máa gbé síwájú rẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n fi aago àti eré ọkọ̀ ṣírò. Bí ọkọ̀ bá ń sá nọ́ọ̀tì 4 (máìlì òkun 4 ní wákàtí kan), láàárín ìṣẹ́jú 30, máìlì òkun 2 ló rìn. Kí wọ́n sàmì síbi tó yẹ kí wọ́n dé, kí ẹ tó ṣí GPS. Bí àmì méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ bi wọ́n pé ibo ni omi ń ṣàn lọ.

Ọmọ Ìlàjẹ
Ẹ má bínú Màmá, n kò fara mọ́ ọn. Ní November 29, 2014, ọkọ̀ eré ìdíje Vestas Wind gun àpáta abẹ́ omi ní Cargados Carajos, lórí Òkun Íńdíà. Ẹ̀rọ wọn kò bàjẹ́. Àpáta náà wà nínú máàpù ẹ̀rọ, àmọ́ wọn kò sún máàpù náà mọ́ra kó tóbi tó kí àpáta lè hàn. Ọlọ́run ló yọ gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀. Àgbà atukọ̀ tó mọ kọ́ńpáàsì bí ẹni mowó ni wọ́n! Ẹ̀rọ gan-an la kì í kọ́ àwọn ọmọ dáadáa, torí a rò pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ kìíní, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún gbogbo ọ̀nà mọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí.

Alágbà Òkun
Ẹ fi sextant sílẹ̀ ná. Lóòótọ́, ilé ẹ̀kọ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní Annapolis dá ẹ̀kọ́ fífi ìràwọ̀ mọ ọ̀nà padà ní 2015, torí ẹ̀rù pé ọ̀tá lè ba GPS jẹ́. Ẹni tó máa la òkun ńlá kọjá nìyẹn wà fún. Láti Southampton sí Cowes ní òdìkejì omi, ilẹ̀ kì í kúrò lójú.

Ìyá Ìbejì
Ọmọ Ìlàjẹ, mo gba ti sísún máàpù mọ́. Síbẹ̀, ẹ rántí pé jíjìn omi tí máàpù ń kọ, ìbáà jẹ́ ti bébà tàbí ti ẹ̀rọ, ìgbà tí omi bá fà jù lọ ló ń sọ. Ọmọ tí kò lè ka ìwé àkókò omi kíkún kò ní mọ iye omi tó wà lábẹ́ òun. Bramble Bank, òkìtì iyanrìn àárín Solent yẹn, omi tí ẹ máa gbà lọ sí Cowes, wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é.

Atukọ̀ Southampton
Ẹ ṣeun púpọ̀. Màá kó fóònù sínú àpò títí wọ́n á fi sàmì sí máàpù, lẹ́yìn náà a ó sún ọ̀nà mọ́ lórí ẹ̀rọ. Ṣé mo lè lo máàpù àlòkù? Tuntun wọ́n.

Alágbà Òkun
Lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni. Lójú omi, rárá o. Ọ̀pá èéfín ilé iṣẹ́ iná Fawley tí gbogbo wa máa ń fi kọ́ńpáàsì wò, wọ́n ti wó o ní 2021, ó ṣì wà nínú máàpù àtijọ́.