Kí la ó máa pe ohun tí mítà ń kà?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làákàyè. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé ká fi “agbára” tú gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ iná ti jẹ yọ nínú ìwé ìlànà lílo iná tí à ń tú sí Yorùbá fún ọgbà yunifásítì ní Òṣogbo níbí. Mi ò fara mọ́ ọn. Nǹkan méjì ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ń rù: bí ẹ̀rọ ṣe ń fa iná tó lẹ́ẹ̀kan náà, tí a ń fi wáàtì wọ̀n, àti àpapọ̀ iná tó jẹ títí wọ́n fi pa á. Ìkejì yìí ni mítà ń kà, òun náà la ń sanwó rẹ̀.

Ẹ wo kẹ́tùlù oníná 2,000 wáàtì. Bí omi bá hó láàárín ìṣẹ́jú 6, ìdá kan nínú márùn-ún yúnìtì péré ló jẹ (yúnìtì kan ni 1,000 wáàtì fún wákàtí kan). Ọ̀pá iná 40 wáàtì tí wọ́n gbàgbé sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láti agogo 4 ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ di agogo 8 àárọ̀ Mọ́ńdè, wákàtí 64 nìyẹn, á jẹ yúnìtì 2.56. Ní ₦225 tí wọ́n gbé yúnìtì àwọn oní-Band A sí lóṣù Kẹrin 2024, ₦576 ti lọ sórí ọ̀pá kan, kò sì sẹ́ni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ pé “ẹ dín agbára kù”, kẹ́tùlù ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọn ò ní rántí ọ̀pá iná.

“Agbára” náà níbi tirẹ̀, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń fa iná tó lẹ́ẹ̀kan náà. Ínfátà 5 kVA tó lè gbé 4,000 wáàtì, ẹ ki kẹ́tùlù mẹ́ta bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: bátìrì kún dẹ́nu, síbẹ̀ á ké, á sì kú. Ẹni tó bá kà á pé “agbára tán” á sáré lọ ra bátìrì kún un, owó á ṣòfò, ínfátà á tún kú lọ́la. Mẹ́gáwáàtì, ìyẹn mílíọ̀nù wáàtì, làwọn tó ń darí ọ̀nà iná gbogbo orílẹ̀-èdè láti Òṣogbo yìí náà ń ṣọ́ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Yúnìtì ni akápò yunifásítì ń ṣọ́. Iṣẹ́ wọn ò papọ̀.

Ẹnì kan ní ká lo “okun” fún ìkejì, àpapọ̀ iná tó jẹ. Rárá o. “Okun àti agbára” ti di ìbejì nínú àdúrà, kò sẹ́ni tó máa yà wọ́n. Èdè ìgboro ti ní tirẹ̀: “fíríìjì yìí ń jẹ iná”. Ẹ jẹ́ ká máa sọ pé iná jíjẹ, ká sì fi yúnìtì sílẹ̀ bí ará ìlú ṣe ń pè é.

Ti “ẹrù ìpìlẹ̀” tí wọ́n fi tú “base load”, bíríkìlà ló máa rò pé òun la ń bá wí. Àjẹmọ́jú ni mo dábàá: iná tí ilé ń jẹ nígbà tí kò sẹ́ni níbẹ̀. Ẹ ka mítà ilé kọ̀ọ̀kan lágogo 10 alẹ́ àti agogo 5 ìdájí, kí ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ yúnìtì 21, ẹ pín in sí wákàtí 7: 3,000 wáàtì ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Fíríìjì yàrá àyẹ̀wò àti kọ̀ǹpútà sáfà ò ṣeé pa. Ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì àti ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná fún mímu ṣeé pa ní tiwọn. Ohun tó sábà máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́ ni jẹnẹrétọ̀: bí NEPA bá mú iná lóru tí wọ́n sì yí i sí jẹnẹrétọ̀, mítà NEPA ò ní ka ìyẹn, àjẹmọ́jú á wá dà bíi pé ó kéré. Ẹ fi alẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ ka òmíràn.

“Ìdúróṣinṣin” fún “sustainability”, ìyẹn lílo nǹkan lọ́nà tí kò fi ní tán mọ́ àwọn ará ẹ̀yìn lọ́wọ́? Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. “Àjẹṣẹ́kù” dùn, àmọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti gbà á. Òṣìṣẹ́ tó bá rí i á béèrè fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. Àlòtọ́jọ́ ni mo dìbò fún.

Ẹni tó bá máa tẹ ìwé náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i. Bí wọ́n bá lẹ “agbara” láìlámì mọ́ ògiri tó wà létí gọ́tà, àgbàrá òjò lọ̀pọ̀ máa kà.