Ṣé kí n gbẹ́ ìdí ìbọn ìdíje mi kí ó lè fúyẹ́?

Ọmọ Ọ̀fà ní Kúbwà:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Àbújá ni mo ń gbé, ìbọn afẹ́fẹ́ oní-mítà 10 ni mo sì ń ta. Ní ọdún tó kọjá, mo ra irin ìbọn kan tí wọ́n ti lò rí, mo sì mú àwòrán ìdí rẹ̀, ìyẹn igi tí a ń dì mú tí a sì ń gbé ti èjìká, tọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan lọ ní Páńtẹ́kà ní Kàdúná, ẹni tí ó fi igi apá gbẹ́ ìdí tuntun fún mi gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n èjìká, ọrùn àti ọwọ́ mi. Iṣẹ́ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè bú u. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó wúwo. Nígbà tí mo gbé e sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ohun tí a fi ń wo àmì àti irin kékeré méjì tí mo so mọ́ ẹnu rẹ̀, kílò 5.4 ni ó jẹ́, bẹ́ẹ̀ kílò 5.5 ni òfin ISSF, àjọ àgbáyé fún eré ìbọn títa, fi ṣe òpin. Ìbọn tí mo ń yá lò tẹ́lẹ̀ kò ju kílò 4.6 lọ.

Ọta 30 àkọ́kọ́ máa ń dára ju ti àtijọ́ lọ, nítorí pé ìbọn náà máa ń dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ta ju 40 lọ nínú ọta 60 tí à ń ta ní ìdíje, ẹ̀yìn mi lápá òsì, níbi ìbàdí, á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ẹnu ìbọn á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọta á sì máa bọ́ sí ìsàlẹ̀ àmì. Èmi fúnra mi kò ju kílò 58 lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà ní òun lè gbẹ́ inú ìdí ìbọn náà láti fi 400 gíráàmù dín, tàbí kí òun fi arère gbẹ́ òmíràn. Èwo ni kí n ṣe? Àbí kí n fara dà á títí yóò fi mọ́ mi lára?

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa:

Àbúrò, má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan igi yẹn, torí ohun tí ó bá gbẹ́ kúrò kò ní ṣeé lẹ̀ padà. Kọ́kọ́ wo ohun tí ìwúwo ń ṣe fún ọ. Nínú ìbọn ẹlẹ́tù, ìwúwo wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn gbá èjìká jù. Ṣùgbọ́n ìbọn afẹ́fẹ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ẹni rárá, nítorí náà iṣẹ́ tí ìwúwo ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí mímì rẹ̀ falẹ̀. Máàkì mẹ́wàá tí à ń wá, ní àárín gbùngbùn àmì, jẹ́ àmì funfun bíńtín tí ìbú rẹ̀ kò ju ìdajì mìlímítà lọ, ìbọn tí ó bá sì ń mì jẹ́jẹ́ ni ó ń fún ojú àti ìka láyè láti pàdé lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọta 30 rẹ àkọ́kọ́ fi dára. Má sọ ìyẹn nù.

Lẹ́yìn náà, wo ibi tí ìwúwo náà wà, kì í ṣe iye rẹ̀ nìkan. 100 gíráàmù tí ó wà lẹ́nu ìbọn, tí ó fi 70 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí ọwọ́ òsì rẹ, ń fa ìbọn wálẹ̀ bákan náà pẹ̀lú 350 gíráàmù tí ó wà ní 20 sẹ̀ǹtímítà. Gbé ìbọn náà, láìsí ọta nínú rẹ̀, sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí o wá ibi tí ó ti dọ́gba. Bí ibẹ̀ bá jìnnà síwájú ọwọ́ òsì rẹ, ẹ̀yìn rẹ ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀. Tú irin méjèèjì kúrò lẹ́nu rẹ̀, ta 60 lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí o sì máa kọ máàkì ọta mẹ́wàá mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí àpapọ̀ nìkan kò ní fi ibi tí ó ti ń rẹ̀ ọ́ hàn. Tún wo ìgúnpá òsì rẹ: orí egungun ìbàdí ni ó yẹ kí ó jókòó sí. Bí kò bá kàn án, iṣan ni ó ń gbé ìbọn, kò sì sí iṣan tí yóò ṣe ìyẹn fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 tí ìdíje fi ń lọ láìgbọ̀n.

Ìyá Ìbejì, Jos:

Mo kí yín, Ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n takò ó díẹ̀. Kílò 5.5 jẹ́ òpin tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá, kì í ṣe ìwọ̀n tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ lé bá. Bí a bá dúró ta ìbọn, a máa ń fi ara sẹ́yìn kí ìwúwo rẹ̀ má bàa fà wá síwájú; bí ìbọn bá ṣe wúwo tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹni ni ẹ̀yìn ṣe ń tẹ̀ tó, ẹ̀wù kánfáàsì líle tí à ń wọ̀ kò sì lè gba gbogbo rẹ̀ rù. Èmi dín tèmi kù láti 5.2 sí 4.7. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ burú débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, torí ìbọn tí ó fúyẹ́ kì í bo àṣìṣe: lílù ọkàn, mímí, ìka tí ó já lójijì, gbogbo rẹ̀ ni ó ń hàn lójú àmì. Nígbà tó yá, 20 tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í jọ 20 àkọ́kọ́, ẹ̀yìn sì yé dùn mí.

Arákùnrin, ẹ má fara da ìrora. Ẹ jẹ́ kí oníṣègùn wò yín kí ẹ tó ránṣẹ́ sí gbẹ́nàgbẹ́nà.

Onígi Déí-Déí:

Èmi kì í ta ìbọn. Igi ni mò ń tà, ọmọ mi ni ó ń ta ìbọn. Apá tí ó gbẹ dáadáa máa ń tó nǹkan bí 800 kílò bí a bá kó o jọ ní mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Arère kì í sábà pé 400, ọ̀gánwó sì wà láàárín wọn. Arère yóò gé ìwúwo igi náà sí ìdajì lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi rírọ̀ ni; bí ẹ bá ṣe ń fún bóòtù mọ́ ọn ni yóò máa rì wọlé, àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ fi páìpù alumíníọ̀mù kékeré sí ihò tí bóòtù gbà. Ọ̀gánwó ni èmi yóò mú.

Bí ẹ bá sì ní dandan, inú igi apá yìí ni ẹ máa gbẹ́, ẹ má jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ìhà ẹ̀yìn nìkan, torí bí ẹ̀yìn bá fúyẹ́, ẹnu ìbọn á túbọ̀ rẹlẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni ẹ ń sá fún. Kí ó má sì fọwọ́ kan ibi tí bóòtù wà. Àgbá afẹ́fẹ́ ńkọ́? Kí ẹnikẹ́ni má fi fáìlì kàn án nítorí ìwúwo o. Agbára tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi ń tì í lè tó 200 lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní báà (bar) bí ó bá kún.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ: ọyẹ́. Igi tí wọ́n gbẹ́ nígbà òjò máa ń súnkì níhìn-ín láti December títí di February, bóòtù á sì dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó dá ìwúwo lẹ́bi. Bí ẹ bá sì ń lọ sí Kàdúná, igi nìkan ni kí ẹ gbé dání. Òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tí ó ń fẹ́ ìwé àṣẹ, kò sí ohun tí ó yẹ kí ó mú yín gbé irin rẹ̀ kiri ojú ọ̀nà nítorí iṣẹ́ igi.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kúbwà:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Irin méjèèjì tí mo tú kúrò jẹ́ 160 gíráàmù. Bóòtù iwájú sì ti dẹ̀ lóòótọ́. Ó yí tó ìdá kan nínú mẹ́rin kí ó tó le. Mo ti ta 60 lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà náà. Ẹnu ìbọn kì í rẹlẹ̀ mọ́ títí mo fi ń dé 50, ìgúnpá mi ni mo sì wá rí i pé kò kan ìbàdí dáadáa tẹ́lẹ̀, nítorí pé mo ń na ọwọ́ òsì jù. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí ní mẹ́wàá tó kẹ́yìn, kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì ní àdéhùn pẹ̀lú oníṣègùn ní Thursday. N kò ní jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ igi apá yìí. Bí oníṣègùn bá ní ó ṣì wúwo jù fún mi, ìdí kejì ni n ó gbẹ́, n ó sì tọ́jú ti àkọ́kọ́. Bàbá Onígi, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ní pákó ọ̀gánwó tí ó ti gbẹ tó ọdún méjì, ẹ bá mi fi ọ̀kan pamọ́.