Ta ni wolé-wolé, ta ni dókítà ìlú?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìròyìn ìlera àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù nígbà ogun Hitler ní kí á bá òun wá orúkọ fún Medical Officer of Health, ìyẹn dókítà tó ń mójú tó ìlera gbogbo ìlú lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹnìkan ní “olórí wolé-wolé”, ẹlòmíràn ní “dókítà ìjọba”. Méjèèjì kò wọ̀ mí létí.

Wolé-wolé ni sanitary inspector, abẹ́ dókítà yìí ló sì ń ṣiṣẹ́. Nílé wa, bí ìyá àgbà bá gbọ́ pé wolé-wolé ń bọ̀, àmù ló máa kọ́kọ́ sáré lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n má baà bá tanwíjí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń yẹ ilé wò nìyẹn. Dókítà tí à ń wí yìí, ìlera gbogbo ìlú ló wà lọ́rùn rẹ̀.

“Dókítà ìjọba” ńkọ́? Ẹni tó jókòó sí ọsibítù tí à ń tò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò wá síni lọ́kàn. Tiwọn kì í dúró de aláìsàn. Ẹ wo Bethnal Green, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù: láti 1940 ni àwọn èèyàn tó ń sá fún bọ́ǹbù ti ń sùn nínú ibùdó rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́ parí, ibùsùn tó wà níbẹ̀ sì tó 5,000. Iná orí, kúrùnà, ikọ́ ife, ilé ìyàgbẹ́: irú nǹkan báyìí ni orí fífọ́ dókítà náà. Láti ìparí ọdún yẹn, ìjọba ń fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára difitéríà, àrùn ọ̀fun tó ń pa ọmọdé, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá ku kí wọ́n bẹ àwọn ìyá kí wọ́n gbé ọmọ wá. Ní 1941, òfin kan lórí kúrùnà fún dókítà yìí láṣẹ láti wọ ilé tó bá fura sí, kí ó sì pàṣẹ pé kí àwọn tó wà níbẹ̀ gba àyẹ̀wò àti ìtọ́jú. Mo gbà pé ibẹ̀ ni “wolé-wolé” ti fẹ́ jọ òótọ́.

“Dókítà ìlera ìlú” ni mo fara mọ́. “Oníṣègùn àgbà” tí ẹnìkan dá lábàá, adáhunṣe ni mo gbọ́ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì pe health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń lọ bẹ ìyá àti ìkókó wò nílé, ní “nọ́ọ̀sì wolé-wolé”. Ìyá ìkókó á ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn! “Nọ́ọ̀sì alábẹ̀wò” ti tó.

Ó ku rest centre, níbi tí àwọn tí bọ́ǹbù wó ilé wọn ti ń jẹun, tí wọ́n ń sùn kí wọ́n tó ríbi gbé. “Ilé ìsinmi” ti fẹ́ di òtẹ́ẹ̀lì lẹ́nu wa. Kí ni ká pè é?