Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n yọ sákárà kúrò lórí rédíò wa?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àwa márùn-ún la ń ṣe rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan níbí l'Abẹ́òkúta. Yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí ni wọ́n fún wa. Páálí ẹyin la lẹ̀ mọ́ ògiri kí ohùn má baà máa dún padà. Orin tí àwọn rédíò ńlá kì í fi là ń fi: sákárà Yusuf Olatunji, àpàlà, rọ́ọ̀kì ayé 1970, àti orin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ta gìtá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ra dátà fún wa. Wọ́n ní àwọn ò ná kọ́bọ̀ mọ́, àfi tá a bá ń fi orin tí gbogbo ayé ń jó sí. Ká sòótọ́, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo fi Baba L'Ẹ́gbàá, ìyẹn Yusuf Olatunji, sí i, lójú mi báyìí ni olùgbọ́ já láti 19 sí 6, gòjé ò tíì ké dáadáa! Àwọn mẹ́rin yòókù ti gbà fún wọn. Ó ku èmi nìkan. Ẹnì kan tún ní òun á bá wa ra ẹ̀rọ FM kékeré l'Ékòó.

Ọmọ Ìtòko: Má gbà, àbúrò. Orin tó ń han gbogbo Pansẹ́kẹ̀ létí, ta ló máa tún wá a wá sọ́dọ̀ yín? Àmọ́ ẹ má kàn máa fi àwo sí i. Àwọn bàbá tó bá Ayinla Omowura, olórin àpàlà, ṣòde kó tó kú ní 1980 ṣì wà ládùúgbò wa. Ẹ gbé fóònù lọ bá wọn, kí wọ́n sọ ẹni tó ń bú nínú orin. Mo máa gbọ́ ìyẹn!

Ìyá Aláàdìrẹ: Mo gbọ́ yín lẹ́ẹ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ítòkú. Orin yín dára. Ọmọ tó ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló lé mi. Ọmọ Ẹ̀gbá ni àbí ọmọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù?

Ọmọ Rédíò: Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni.

Ìyá Aláàdìrẹ: Háà. Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ṣáà máa sọ Yorùbá.

Ẹ̀gbọ́n Injiníà: Kbps mélòó, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí ohùn ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ fi ń gbé ohùn jáde?

Ọmọ Rédíò: 128, sà.

Ẹ̀gbọ́n Injiníà: Ìyẹn ń jẹ tó MB 58 ní wákàtí kan. Ẹ gbé e sí 64, á di MB 29. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló fẹ́ jó dátà tán sórí rédíò? Àti pé Ọjọ́bọ̀ yẹn, ṣé iná wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì?

Ọmọ Rédíò: Áà! Aago méje ku díẹ̀ ni wọ́n mú un lọ. Jẹnẹrétọ̀ la fi ń ṣiṣẹ́ ní tiwa.

Ẹ̀gbọ́n Injiníà: Wáìfáì wọn ló kú. O wá ń di ẹ̀bi ru Baba L'Ẹ́gbàá.

Agbẹjọ́rò Kékeré: Ẹ̀rọ FM yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NBC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹjọ́ ni o.

Alájọbí: Èmi ò bá yín jà o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra dátà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ fún wọn ní wákàtí méjì lálẹ́ Ẹtì, kí wọ́n jó tẹ́rùn.

Ọmọ Rédíò: Màá bá wọn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ yìí, 64 ni, orin kan náà ni màá tún fi.

Ìyá Aláàdìrẹ: Aago mélòó?

Ọmọ Rédíò: Méje alẹ́, mà. Tí iná bá wà.