Ẹ gbà mí o, CD mi ti họ!

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lágere ni mò ń gbé, níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi CD Slaughter of the Soul sílẹ̀ fún mi kó tó rìnrìn àjò. Ẹgbẹ́ At the Gates, àwọn olórin death metal (orin gìtá líle tí wọ́n ń fi igbe kọ), ló ṣe é. Ọdún 1995 ló jáde, Studio Fredman, ní Gothenburg lórílẹ̀-èdè Sweden, ni wọ́n sì ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ariwo lásán ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n máa pè é (ìyá mi ní ṣe ni ọkùnrin tó ń kọrin yẹn ń sunkún òkú), àmọ́ ẹ tẹ́tí sí gìtá méjèèjì: ọ̀kan á lé, èkejì á gbè é. Adùn yẹn ló mú mi.

Ọmọ àbúrò mi ti wá fi CD ọ̀hún ṣeré nílẹ̀, ojú rẹ̀ ti họ káàkiri. Tó bá dé orin kẹta, á dúró gbagidi. Mo wá òmíràn dé Ṣábó, ẹni tó ń tajà ní kí n ra fújì.

Ṣé ẹ mọ ibi tí mo ti lè rí ojúlówó rà, ní Ifẹ̀, Iléṣà tàbí Ìbàdàn? Mi ò fẹ́ àdàkọ. Àbí kí ni mo lè fi pa èyí tó họ, kó tún lè kọrin? Wọ́n ní ọṣẹ ìfọyín ń ṣe é, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹni tó bá ti dán an wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.