Kẹ̀kẹ́ ológeere tó ń ká sí méjì: kí ló mú kí ọ̀kan wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ju èkejì lọ?

OmoIworoko:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ìwòrókò ni mo wà, ṣájà àti èlò fóònù ni mo ń tà. Ojoojúmọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, ń ráhùn owó ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ló bá sọ sí mi lọ́kàn pé kí n kó kẹ̀kẹ́ ológeere tó ń ká wọlé. Ẹnì kan tó máa ń kó ọjà láti Ṣáínà ti fi fọ́tò ránṣẹ́: àwọn kan táyà 20 íǹṣì, àwọn kan 16. Ó ní orúkọ tó bá wù mí ni òun máa lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wá rí Brompton ti Lọ́ńdọ̀nù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ lé ní £1,000! Méjèèjì ń ká, méjèèjì ní táyà méjì. Ṣé orúkọ lásán ni òyìnbó ń tà ni, àbí nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ojú mi ò rí?

WedaAjilosun:
Àbúrò, o kú ọgbọ́n ajé. Iṣẹ́ irin jíjó ni mo ń ṣe ní Àjìlósùn, mo sì máa ń tún kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ṣe. Owó orúkọ wà nínú rẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Àmọ́ oríkèé ni kí o kọ́kọ́ wò.

Kẹ̀kẹ́ tí kì í ká, irin rẹ̀ lọ geere láti ọrùn dé ìdí. Èyí tó ń ká, wọ́n gé irin yẹn láàárín, wọ́n wá fi oríkèé so ó pọ̀. Ìgbàkigbà tí ènìyàn bá dìde dúró lórí pẹ́dà láti gun òkè, oríkèé yẹn ló ń jẹ ìyà. Bí ojú rẹ̀ méjèèjì kò bá fẹnu kora dáadáa, á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, àlàfo á máa gbòòrò, ẹ̀yìn náà ni irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sán. Ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í fi irin pẹlẹbẹ ṣe é. Wọ́n á fi ẹ̀rọ lù ú ní gbígbóná, ẹ̀rọ mìíràn á fá ojú rẹ̀ kó tẹ́jú. Wọ́n á tún gbé férémù sórí ẹ̀rọ tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láìdúró, kí wọ́n tó gbà pé ó yege. ISO 4210 ni orúkọ ìlànà tí wọ́n fi ń dán kẹ̀kẹ́ wò. Ní kí oníṣòwò rẹ fi ìwé tirẹ̀ hàn ọ́. Bó bá ń ṣe wọ́nranwọ̀nran, o ti gbọ́ èsì.

Irin ni Brompton ń lò jù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jó o, idẹ ni wọ́n sì ń yọ́ sójú ìsopọ̀, wọn kì í yọ́ irin fúnra rẹ̀. Iná tó ń yọ́ idẹ kò gbóná tó èyí tó ń yọ́ irin, ìdí nìyẹn tí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà kì í fi í bàjẹ́. Ẹni tó jó o á wá tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sára rẹ̀. Ìyẹn wù mí púpọ̀! Bí mo bá ní kí àwọn ọmọṣẹ́ mi máa tẹ òǹtẹ̀ sára gbogbo gééètì tí wọ́n bá jó, ìdajì wọn á ti sá kó tó dọ̀la. Greenford ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni ilé iṣẹ́ náà wà, owó oṣù Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ń san. Ọwọ́ oníbàárà ni wọ́n ti ń gbà á padà.

Àwọn tí wọ́n fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí ọ, alumíníọ́mù ni ọ̀pọ̀ wọn. Ó fúyẹ́, kì í sì í dípẹtà bí irin. Ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n ń pè ní 6061, iná máa ń sọ ọ́ di rírọ̀ níbi tí wọ́n bá ti jó o. Ilé iṣẹ́ gidi á kó férémù sínú ààrò tó gbóná ju 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á tètè mú un tutù, á sì tún fi iná díẹ̀ yan án fún wákàtí mélòó kan kó lè padà le. Ẹni tó fẹ́ dín owó kù á fo ìyẹn. O ò sì lè rí i, ọ̀dà ti bò ó. Bí irú rẹ̀ bá sán ní Adó, má gbé e wá bá mi. Mo lè jó o pọ̀, àmọ́ mi ò ní ààrò.

Ọ̀rọ̀ táyà nìyí, ibi tó ti lè pa ọ́ lówó jù. Nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ìwọ̀n ìbú rímù rẹ̀ ní mìlímítà, òun ni kí o kà. 20 íǹṣì tó bá ní 406, táyà BMX ni, wàá rí i rà l'Ọ́jà Ọba. 20 tó bá ní 451, yàgò fún un. 16 íǹṣì ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, 305 ni. Ti ọ̀pọ̀ Brompton, 16 náà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n 349 ni, ti ọmọdé kò lè wọ̀ ọ́ láéláé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí táyà rẹ̀ bá bẹ́ tí kò rí òmíràn rà, ìwọ ló máa wá jókòó tì.

IyaBeji_Ikere:
Ọ̀gá Wẹ́dà ti sọ ti irin. Ọjà títà ni tèmi.

Ọmọ mi, Andrew Ritchie tó dá Brompton sílẹ̀, inú yàrá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ṣọ́ọ̀ṣì Brompton Oratory ló ń rí lójú fèrèsé, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ tọ Raleigh lọ, àní Ráléè tí àwọn bàbá wa fi ru kòkó, wọ́n ní àwọn kò ṣe. Ló bá ní kí àwọn ènìyàn sanwó sílẹ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, dá £250 lọ́kọ̀ọ̀kan, owó yẹn ló fi ṣe àwọn àkọ́kọ́. Gba owó àsansílẹ̀ ní tìrẹ náà kí o tó pàṣẹ ọjà. Má lọ yáwó o.

Èkejì: àyè ni wọ́n ń tà lókè òkun. Ọkọ̀ ojú irin wọn kún, yàrá wọn há. Ní ìdíje Brompton, kóòtù pẹ̀lú táì ni wọ́n ní kí àwọn tó ń sáré wọ̀, kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ní ti Dahon, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tó ń ká, ọ̀rọ̀ epo ló ta David Hon tó dá a sílẹ̀ jí. Onímọ̀ físíìsì ni ní California, epo bẹntiróòlù wọ́n gógó láàárín ọdún 1970 sí 1980, òun àti arákùnrin rẹ̀ sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1982. Ẹnikẹ́ni tó ń ra epo ní Nàìjíríà lónìí á lóye rẹ̀.

Èkìtì kò ní ọkọ̀ ojú irin. Má lọ da fídíò wọn kọ. Olè ni ọmọ yunifásítì ń bẹ̀rù. Kẹ̀kẹ́ tó ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kí o tà fún wọn. Ká a níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ nígbà tí wọ́n bá ń ti kíláàsì bọ̀, jẹ́ kí obìnrin kan gbé e fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ti lè lo ọgbọ́n kíká ti Brompton, torí àṣẹ tí wọ́n gbà lé e ti parí, àmọ́ orúkọ náà ṣì jẹ́ tiwọn. Má gbà kí oníṣòwò yẹn lẹ̀ ẹ́ mọ́ tìrẹ.

Efon_Kete:
Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni mò ń gbé. Kẹ̀kẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ẹdìyẹ yìí, ẹ fẹ́ fi gun òkè wa? Ẹ kú eré o.

WedaAjilosun:
Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀fọ̀n, wọn ò sọ pé tiyín ni wọ́n ń tà á fún. Ọ̀nà Ìwòrókò sí gééètì yunifásítì kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ yín: kí àbúrò má ra èyí tí kò ní jíà.

Kì í ṣe kékeré táyà ni wàhálà. Táyà kékeré kì í lọ jìnnà bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so àwo eléyín ńlá mọ́ pẹ́dà, kí ó lè bára mu. Jíà ni kí o bi wọ́n. Èyí tó so rọ̀ síta lẹ́yìn sún mọ́ ilẹ̀ gan-an lára kẹ̀kẹ́ 20 íǹṣì, ẹrẹ̀ òjò á máa kún un. Èyí tí wọ́n kó sínú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín táyà ẹ̀yìn, tó ní ìpele mẹ́ta bíi èyí tí ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer ń ṣe, ó ti pa dé, eruku ò lè wọ̀ ọ́. Ó wúwo díẹ̀, ó sì wọ́n díẹ̀. Òun ni màá rà.

OmoIworoko:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ó ní òun lè fi méjì ránṣẹ́ ná. 406, jíà inú họ́ọ̀bù ni mo ti sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, bí wọ́n bá dé, kí ni kí n yẹ̀ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín?

WedaAjilosun:
Ti oríkèé rẹ̀ pa dáadáa, tẹ bíréèkì iwájú mú, kí o máa tì í síwá sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ kejì lórí oríkèé. Bí o bá gbọ́ kọ́kọ́kọ́, dá a padà. Wo bóyá ìdè kejì wà tí kò ní jẹ́ kó ṣí fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Fa ọ̀pá ìjókòó sókè dé àmì tí wọ́n fín sí i, má kọjá ibẹ̀, kí ẹni tó tóbi jù láàárín ọ̀rẹ́ rẹ wá jókòó lé e. Lẹ́yìn náà kí o gbé e wá. Sátidé ni o, mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú.