Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yèyé mi wú, wọn ò tọ́jú eyín níbi tí a ń lọ mọ́. Ẹ gbà mí o (ìgbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà, ọdún 2020)

Ọmọ Ìfàkì: Ẹ kú ìfaradà kónílé-ó-gbélé yìí o. Eyín kan ti ń dun yèyé mi láti ọjọ́ Ajé. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti wú dé abẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀kọ mímu pàápàá ò lọ. Ibi tí a máa ń gbé wọn lọ ní ó di ìgbà tí Kòrónà bá lọ. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbúrò mi ní ká fi áásáà sí i.

Nọ́ọ̀sì Adó: Ẹ má fi áásáà kàn án rárá, ẹ má sì fi nǹkan gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níta. Ṣé wọ́n ń gbé itọ́ mì? Ohùn wọn ńkọ́?

Ọmọ Ìfàkì: Itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Ohùn wọn dà bíi ti ẹni tó ki iṣu gbígbóná bọ ẹnu.

Nọ́ọ̀sì Adó: Ẹ gbéra báyìí! Irú wíwú bẹ́ẹ̀ lè dí ọ̀nà èémí. Ìdó ò jìnnà sí yín, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ lọ tààrà, ẹ má wá dókítà eléyín kiri. Kí wọ́n jókòó nínú ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀. Ẹ mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn àti ìbòmú dání.

Bàbá Ìlawẹ̀: Ẹ má bẹ̀rù àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Òfin yìí ò de aláìsàn. Ìyàwó mi ń rọbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wò wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ká máa lọ.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Ọlọ́run á gbà wọ́n. Ihò wà nínú eyín tèmi náà, àmọ́ kò wú. Kí ló dé tí wọ́n fi tilẹ̀kùn?

Nọ́ọ̀sì Adó: Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín máa ń fọ́n itọ́ sínú afẹ́fẹ́, Kòrónà sì máa ń wà nínú itọ́ ẹni tó bá ní in, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí èyí tó lè dúró ṣì dúró. Ẹ fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu. Ẹ lo parasitamọ́ọ̀lù méjì ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kó má ju 8 lọ lójúmọ́. Ẹ má ra Ampiclox fúnra yín, kò lè dí ihò. Tó bá wú, tàbí tí ibà dé, ẹ má dúró.

Ọmọ Ìfàkì: Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n gbà wọ́n wọlé. Wọ́n la ibẹ̀, ọyún tó jáde pọ̀ gan-an. Omi ń wọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbà láyè lọ́dọ̀ wọn, àbúrò mi ló wà níbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí pé wọ́n ti gbé itọ́ mì.